Irin alágbára tó ń sán lẹ́yìn ìjó: kí ni àwọn tó ń jó àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe tí àwa kò ṣe?

Wẹ́dà Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ wẹ́dà, ìyẹn fífi iná jó irin pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Apá kúréènì kan ni wọ́n gbé wá fún àtúnṣe. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 25 ni wọ́n fi ṣe é, ìwé tó bá a wá sì sọ pé ó lè gba 690 MPa (ìwọ̀n tí a fi ń sọ agbára irin) kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. A fi fáìlìn maṣín fọ ojú rẹ̀ dáadáa, a fi ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tí iná ń yọ́ sí ojú ìjó) gauge 10 tí a ń lò lójoojúmọ́ jó o, ojú ìjó náà sì dán, ó gún régé. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a jó. Kì í ṣe ojú ìjó fúnra rẹ̀ ló sán o. Ara irin àtijọ́ ló sán, ní nǹkan bíi mílímítà méjì sí etí ìjó, ó sì tẹ̀ lé etí náà lọ gbọọrọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan sọ fún mi pé irin tí wọ́n fi ń ṣe àgbá mọ́tò rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àgbá tí epo líle ń jó nínú rẹ̀, lágbára ju èyí lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ wọ́n ń jó o pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn yẹn ń ṣe tí àwa kò ṣe? Mi ò fẹ́ tún un jó láìmọ ohun tó mú un sán, nítorí pé abẹ́ apá kúréènì yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Ọ̀gá mi, iná yín ló kéré. Ẹ gbé áńpù sókè, ẹ lo gauge 8, kí iná lè wọ inú irin dáadáa. Bí ẹ bá sì ti jó o tán, ẹ da omi sí i kí ó lè le. Bí a ṣe ń ṣe ti típà nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, kò sì sí èyí tó padà wá.

Àǹtí Houston

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ má bínú pé mo fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ìjó ni mo ń ṣe níbí, àwọn àgbá gáàsì àti páìpù epo sì ni mò ń yẹ̀ wò. Fún irin tí Wẹ́dà Ọ̀tà sọ yìí, omi dídà ni ohun tó burú jù lọ tí èèyàn lè ṣe.

Àmì mẹ́ta ni ó ti sọ fún wa: irin náà lágbára púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìjó ló sán, kì í ṣe ojú ìjó, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì tó hàn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ń tọ́ka sí háídírójìn, gáàsì kan tó wà nínú omi. Nínú ọ̀rinrin ni háídírójìn yìí ti ń wá: ọ̀rinrin tó wà nínú ìbora ẹlẹ́kítíróòdù, òróró, ìpẹtà àti ọ̀dà tí a kò fọ̀ kúrò lójú irin. Iná ìjó a fọ́ omi náà sí wẹ́wẹ́, háídírójìn a wọ inú irin tó ti yọ́, ibẹ̀ ni yóò sì há sí nígbà tí irin bá tutù. Kò ní dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rìn lọ sí ibi tí irin ti le jù tí ó sì ń fà jù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbẹ́ ìjó. Ìrìn yẹn ń gba wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìdí nìyí tí a fi ń dúró fún wákàtí 48 kí a tó yẹ irin bẹ́ẹ̀ wò. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jó o yóò sọ pé ó dára, òótọ́ ni yóò sì sọ, nítorí pé kò tíì sán nígbà náà.

Gauge 10 kò sọ nǹkan kan fún wa ju bí ọ̀pá náà ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni ẹ sọ fún wa. Bí ó bá jẹ́ 6013, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, kì í ṣe ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún irin yìí rárá.

Wẹ́dà Ọ̀tà

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. 6013 ni lóòótọ́, a sì ti ṣí páálí rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, nínú òjò yìí.

Olùkọ́ Àkúrẹ́

Àlàyé Àǹtí tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un láti ìhà ti irin fúnra rẹ̀, nítorí pé háídírójìn nìkan kì í sán irin. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé: háídírójìn, ìfàya, àti irin tó ti di ẹlẹgẹ́. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò, kò ní sán.

Ohun tó ń sọ irin di ẹlẹgẹ́ ni ìtutù kíákíá. Nígbà tí ẹ bá ń jó irin, ẹ̀gbẹ́ ìjó náà á pọ́n, ìyókù irin tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì fa ooru yẹn lọ lójú ẹsẹ̀. Irin tí kábọ́ọ̀nù àti àwọn èròjà mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀ yóò wá di ohun tí a ń pè ní mátẹ́nsáìtì, tó le bí ojú fáìlì, ṣùgbọ́n tí kò lè tẹ̀. Bí irin bá ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń yára tutù tó, 25 mílímítà kò sì kéré.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń díwọ̀n ewu yìí. Ẹ mú iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ọgọ́rùn-ún irin náà, ẹ fi ìdá mẹ́fà máńgáníìsì kún un, ẹ fi ìdá márùn-ún àpapọ̀ kurómíọ́ọ̀mù, mòlíbídẹ́nọ́ọ̀mù àti fanédíọ́ọ̀mù kún un, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àpapọ̀ níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà kún un. Bí àpapọ̀ náà bá ti ju 0.40 lọ, ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo irin 4130, tí wọ́n ti fi ṣe férémù ọkọ̀ òfuurufú tipẹ́tipẹ́: kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.30, máńgáníìsì 0.50, kurómíọ́ọ̀mù 0.95, mòlíbídẹ́nọ́ọ̀mù 0.20. Àpapọ̀ rẹ̀ á máa lọ sí 0.61. Irin ìlẹ̀kùn àti gééti kì í sábà kọjá 0.35.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Mo gbọ́ o, Olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún mi: kí ló dé tí típà tí a ń jó tí a sì ń da omi sí kì í sán? Mi ò gbà pé gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa ló ṣàìtọ́.

Olùkọ́ Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ara àpótí típà tí ẹ ń jó, irin lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré débi pé kò lè di mátẹ́nsáìtì ẹlẹgẹ́ bí ẹ tilẹ̀ da omi sí i. Irin náà ló ń dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè bóyá àwọn férémù gígùn abẹ́ típà, tàbí sípíríǹgì rẹ̀, ti dúró pẹ́ rí lẹ́yìn tí ẹ jó o. Irin tiwọn kì í ṣe irin kan náà pẹ̀lú àpótí.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Ti sípíríǹgì kì í pẹ́, òótọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìjó náà ló sì máa ń ti kán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ó bá jẹ́ ìtutù kíákíá ló ń fa gbogbo wàhálà yìí, a jẹ́ pé kí èèyàn fi iná gáàsì mú irin gbóná kí ó tó jó o ni. Ẹ jẹ́ kí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé bí àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àǹtí Houston

Rárá o, àbúrò. Mímú irin gbóná ṣáájú dára, ó ń jẹ́ kí ìtutù falẹ̀, ó sì ń fún háídírójìn láyè láti jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ irin pẹlẹbẹ oní-690 ni wọ́n ti sè, tí wọ́n ti rì sómi, tí wọ́n sì tún ti mú gbóná díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kí ó lè ní agbára yẹn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó pọ́n, agbára tí wọ́n san owó lé lórí ti lọ nìyẹn, ẹ kò sì ní rí i lójú. Fún irú irin bẹ́ẹ̀ tó nípọn tó mílímítà 25, ìlànà Amẹ́ríkà tí à ń lò fún ilé onírin ní kí ó gbóná tó 50°C ó kéré tán, kí ó má sì kọjá 200°C láàárín ìlà ìjó kan sí èkejì. Nínú iṣẹ́ tí mo ń rí, láàárín 100 sí 150 ni wọ́n máa ń dì í mú sí. Ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Ṣọ́ọ̀kì kan wà tí ń yọ́ nígbà tí irin bá dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kò wọ́n. Ìwé ẹni tó ṣe irin náà ló sì borí gbogbo ohun tí mo sọ yìí.

Olùkọ́ Àkúrẹ́

Ní ti rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdàkejì ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú rò ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi gan-an. Oríṣi irin méjì ni wọ́n lò jù fún àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì onírin. Àkọ́kọ́ ni irú D6AC, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó nǹkan bíi 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ jó o gbọ́dọ̀ mú un gbóná ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tutù lójijì.

Èkejì ni irin maraging, tí ilé iṣẹ́ International Nickel gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1960. Níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kóbáàtì àti mòlíbídẹ́nọ́ọ̀mù sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kì í kọjá 0.03. Nítorí èyí, mátẹ́nsáìtì tirẹ̀ rọ̀, ó sì ṣeé tẹ̀. Wọn kì í mú un gbóná ṣáájú ìjó. Kódà, wọn kì í fẹ́ kí ooru pọ̀ láàárín ìlà ìjó kan sí èkejì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán ni wọ́n ń gbé e sínú ààrò ní nǹkan bíi 480°C fún wákàtí díẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń gba agbára tó lè tó 1,700 MPa. Ẹ̀gbẹ́ ìjó tí ooru ti bà jẹ́ yóò tún gba agbára rẹ̀ padà nínú ààrò kan náà. Ìdáhùn apá kan ìbéèrè Wẹ́dà Ọ̀tà nìyí: wọ́n yan irin tí ó gba ìjó, wọ́n sì fún un lágbára lẹ́yìn ìjó. Irin kúréènì tiyín ti gba agbára tirẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Àgbà Àyẹ̀wò

Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé irin dáadáa ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Láàárín àwọn ọdún 1960, àjọ NASA fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò rọ́kẹ́ẹ̀tì olépo líle tí ìbú rẹ̀ tó ínǹṣì 260, ìyẹn mítà 6.6, ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ méjì ló gba iṣẹ́ náà, Aerojet àti Thiokol. Irin maraging tí Olùkọ́ sọ yìí ni àwọn méjèèjì lò. Nítorí pé àgbá náà tóbi púpọ̀, ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìjó lọ: Aerojet lọ sí Sun Shipbuilding ní Chester ní Pennsylvania, Thiokol lọ sí Newport News ní Virginia. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1965, wọ́n rọ omi kún àgbá ti Thiokol láti dán an wò. Ìfúnpá 960 psi ni wọ́n fẹ́ gbé e dé. Nígbà tó dé 542 péré, àgbá náà fọ́ yángá.

Nígbà tí àwọn olùwádìí kó àwọn ègé rẹ̀ jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ lé àmì ojú irin tó fọ́ padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àbùkù kékeré kan ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó, ní ibi tí wọ́n ti tún ìjó ṣe. Wọ́n ti ya fọ́tò rédíò ibẹ̀, ìyẹn fọ́tò onítànṣán bí èyí tí wọ́n ń ya egungun ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti fi ìró yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó rọ omi sí i, ṣùgbọ́n kò hàn. Àbùkù yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ìfúnpá ló dúró dè.

Ìdí tí àbùkù tí kò ju ìka ọwọ́ lọ fi lè fọ́ irin tó tóbi bẹ́ẹ̀ ni pé bí irin bá ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìfaradà rẹ̀ fún ojú sísán ń dín kù. Ẹ ti rí àwọn aláṣọ ní ọjà: bí wọ́n bá fẹ́ fa aṣọ ya, wọn yóò kọ́kọ́ fi sáàsì gé etí rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Bí gígé kékeré yẹn ni àbùkù ṣe rí lára irin. George Irwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìṣirò ní àwọn ọdún 1950, àwọn àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì Polaris tó ń fọ́ nígbà ìdánwò sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1959. Ohun tí ìṣirò náà sọ fún wa ni pé bí ojú sísán bá gùn sí i ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹrù tí irin lè gbà kí ó tó fọ́ yóò dín kù sí ìdajì. Nítorí náà, Wẹ́dà Ọ̀tà, ẹ má fi ojú kékeré wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣeun, bàbá. Ti Aerojet ńkọ́? Ṣé òun náà fọ́?

Àgbà Àyẹ̀wò

Kò fọ́. Iná TIG ni wọ́n fi jó ti Aerojet, ìyẹn iná tí gáàsì ágọ́ọ̀nù ń dáàbò bò, tí ọ̀rinrin kò ráyè wọ̀. Ti Thiokol jẹ́ ìjó abẹ́ ìyẹ̀fun, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n dà bo ibi tí iná ti ń jó irin, tó yára, àmọ́ tí ooru rẹ̀ pọ̀. Ti Aerojet la ìdánwò omi kọjá, wọ́n sì tan án ní Florida ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965. Wọ́n tún tan èkejì ní 1966 àti ẹ̀kẹta ní 1967.

Wẹ́dà Ìbàdàn

Mo fẹ́ ta ko ohun kan. Mo ti gbọ́ pé fọ́tò rédíò kì í purọ́. Bí nǹkan bá wà nínú irin, yóò hàn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó wo fọ́tò náà máà mọṣẹ́.

Àǹtí Houston

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mímọṣẹ́ nìkan. Fọ́tò rédíò ń fi ibi tí irin ti dín hàn. Ihò àti ìdọ̀tí tó há sínú ìjó máa ń hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú sísán tó mọ́, tí etí rẹ̀ méjèèjì ṣì sún mọ́ra, tí kò sì nà sí ìhà kan náà tí ìtànṣán fọ́tò ń gbà, kò dín irin kù tó ohun tí fọ́tò lè mú. Ìyẹ̀wò oní-ìró ló sàn fún un, àmọ́ ìyẹn náà ń béèrè pé kí ìró bá ojú sísán pàdé ní ìhà tó yẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń lo méjèèjì pọ̀, tí a sì tún ń fi àwọ̀ tí ń wọ inú ojú sísán tàbí ìyẹ̀fun irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà yẹ ojú rẹ̀ wò.

Wẹ́dà Ìbàdàn

Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n ṣé kò ní sàn kí wọ́n má jó o rárá? Mo kà á pé àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì Space Shuttle, ọkọ̀ òfuurufú NASA tó fò títí di ọdún 2011, kò ní ojú ìjó kankan.

Olùkọ́ Àkúrẹ́

Òótọ́ ni. Irin D6AC ni, wọ́n máa ń tẹ àwọn òrùka rẹ̀ gùn láìjó o nígbà náà, wọ́n sì máa ń fi píìnì irin 177 dè wọ́n mọ́ra ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oríkèé yẹn náà ní ewu tirẹ̀. Èdìdì rọ́bà inú rẹ̀ ló jẹ́ kí iná jò nígbà tí Challenger, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ Space Shuttle, fọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1986. Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn ṣì ń lo irin maraging fún ìpele àkọ́kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì PSLV, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2.8, wọ́n sì ń jó o pọ̀. Kò sí ọ̀nà tí kò ní ìnáwó tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹnjiníà

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Àwa díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan. A ní páìpù irin tó nípọn, a sì fẹ́ jó ìdérí sí ìdí kan rẹ̀. Ṣé ẹlẹ́kítíróòdù 6013 tí ẹ ń sọ yẹn lè ṣe é?

Àgbà Àyẹ̀wò

Ọmọ mi, ẹ má ṣe é. Páìpù irin tó bá fọ́ ń di ègé tó ń fò bí ọta ìbọn, kò sì sí ẹni tó lè sá fún un. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olùfẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà pàápàá kì í gba irin láàyè fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Páálí, ike tàbí alumíníọ́mù rírọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti dán wò ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń dúró jìnnà réré. Bí ìfẹ́ iṣẹ́ yìí bá wà lọ́kàn yín, NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú jíjìnnà ní Nàìjíríà, ní ibùdó kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín bá yín kọ̀wé síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹnjiníà

Ẹ ṣeun, sà. A ó bá olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Wẹ́dà Ọ̀tà

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti sọ fún ẹni tó ni kúréènì pé kó má tíì retí rẹ̀, mo sì ní kó bá wa wá ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àǹtí, bí ìwé náà bá gbà pé kí a tún un jó, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí a ṣe tò ó?

Àǹtí Houston

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnjiníà tó mọ̀ nípa kúréènì fọwọ́ sí i, nítorí pé apá kan wà lára kúréènì tí àwọn tó ṣe é kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jó rárá. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fi àwọ̀ pupa tí ń wọ inú ojú sísán wá ìdí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kí ẹ lu ihò kékeré sí ìparí kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa gùn sí i nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Ẹ fi fáìlìn maṣín lọ̀ ọ́ títí yóò fi tán, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì tún fi àwọ̀ náà wò ó kí ẹ tó tan iná.

Ẹlẹ́kítíróòdù tó bá irin náà dọ́gba ni E11018, bí ìwé bá sì gba èyí tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lò ó, nítorí pé ó ń dín ìfàya kù. Inú agolo tí wọ́n lẹ̀ pa ni kí ẹ ti mú un. Bí agolo náà bá ti ní ihò, ẹ gbẹ ọ̀pá rẹ̀ nínú ààrò ní 370 sí 430°C fún wákàtí kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ààrò kékeré tí kò ní lọ sílẹ̀ ju 120°C lọ. E11018 kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì wákàtí lọ níta. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí ẹ lè jó tán ni kí ẹ máa mú jáde. Ẹ mú irin gbóná, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, kí ooru tó yíká ibi ìjó. Bí ẹ bá parí, ẹ fi aṣọ tí kò ń jóná bò ó kí ó falẹ̀ tutù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí i.

Lẹ́yìn wákàtí 48 ni kí ẹ tún fi àwọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá ní mílímítà mẹ́ta sí etí ìjó ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì pe ẹni tó ń fi ìró yẹ irin wò wá. Bí pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá yọ lójú ibẹ̀, ẹ má jó nǹkan kan lé e lórí. Ẹ pè wá padà síbí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Àǹtí, ààrò yẹn ńkọ́? Ṣé a lè rí i rà ní Ìdúmọ̀tà, àbí kí n kan án fúnra mi?

Àǹtí Houston

Èyí tí ń tọ́jú ọ̀pá ní 120°C, ẹ lè kan án, bí ẹ bá fi ohun tí ń díwọ̀n ooru sí i. Ti 370 sókè, ẹ rà á tàbí kí ẹ yá a. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n, ìbora ọ̀pá yóò bàjẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀.